Ọmọ Méjì Tí Ẹ̀rọ Mi Sọ Di Ẹyọ Kan

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo sì ti padà sí Ìkòròdú, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí òbí kan má kan ilẹ̀kùn mi, kí ọmọ rẹ̀ sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá: "Ìyá, ọmọ yìí fẹ́ máa kọ sọ́fítíwíà. Kí ni kó lọ kà ní yunifásítì?" Mo máa ń fún wọn ní àga, mo máa ń fún wọn lómi, mo sì máa ń sọ pé kí wọ́n fara balẹ̀, nítorí ìdáhùn mi gùn. Ó ti wá rẹ ẹnu mi báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ rí i kà.

Ẹ má retí pé kí n sọ iye tí wọ́n ń san fún mi. Kò tó nǹkan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tó nǹkan nígbà tí mo parí. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò sì ní díbọ́n pé mi ò mọ̀. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ béèrè Àǹtí Kọ̀ǹpútà, wọ́n á júwe ilé mi fún yín.

Táípúráítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ṣónúgà ni mo ti kọ́ṣẹ́, nítòsí ibùdókọ̀ Bẹ́ńsìn ní Ìkòròdú, nínú yàrá gígùn kan tó ní ẹ̀rọ mẹ́rìnlá. Ọ̀gá Ṣónúgà jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í sì í rún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó ta aṣọ funfun kan bo ọwọ́ mi àti ẹ̀rọ pa pọ̀, ó ní kí n tẹ orúkọ bàbá mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde kì í ṣe orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni láyé yìí. Oṣù mẹ́rin ni ọwọ́ mi fi wà lábẹ́ aṣọ yẹn, títí ìka mi fi mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà láìsí pé ojú mi bá a dá sí i.

Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ rántí, kíkà sókè ni. Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣónúgà, ìwé kan kò gbọdọ̀ jáde àfi tí ẹni méjì bá jókòó tì í. Ọ̀kan á mú èyí tí oníbàárà fi ọwọ́ kọ, á máa kà á sókè. Ìkejì á máa fi ìka tọ èyí tí a tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la ń kà, títí kan kọ́mà. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá á rò pé ilé kéwú ni.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ń kánjú, mọ́tò rẹ̀ ń dún níta. Mo sọ fún Ọ̀gá pé mo ti fi ojú ara mi ka ìwé náà, kò sí àṣìṣe. Ọ̀gá Ṣónúgà gbà á lọ́wọ́ mi, ó ya á sí méjì, ó sì bẹ oníbàárà pé kó padà wá lọ́la. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó yíjú sí mi jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ojú ẹni tó tẹ ìwé ti mọ ohun tó fẹ́ rí, ohun tó fẹ́ rí yẹn náà ló sì máa rí. Etí ẹlòmíràn ni kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀."

Mo bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi ìyà jẹ mí ni.

Nígbà tí mo lọ́kọ, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ mi, mo bá a lọ. Ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni kan gbà mí sí ọ́fíìsì wọn. Mo tẹ ìdánwò lórí táípúráítà, mo tẹ̀ ẹ́ lórí sítẹ́ńsù, bébà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí yíǹkì rẹ̀ kì í kúrò léèékánná, mo tún lo táípúráítà oníná tó máa ń pariwo bíi pé ẹnì kan ló ń bú u. Lẹ́yìn náà, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn, ilé-ìwé wa ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Wọ́n kó wọn sí yàrá kan, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí olùkọ́ tó fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n má bàa ní òun ló bà wọ́n jẹ́. Èmi ni mo ṣí aṣọ. Èmi tí mo ti gbé abẹ́ aṣọ fún oṣù mẹ́rin, kí ni mo tún fẹ́ bẹ̀rù?

Mo ra ìwé ńlá kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Garéèjì Ìkòròdú, èyí tí èpo rẹ̀ ti ya. Inú ìwé yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a ń tò lẹ́sẹẹsẹ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Láàárín ọdún kan, mo ti kọ ètò tó ń ro máàkì gbogbo ọmọ ilé-ìwé pọ̀, tó ń fi ipò wọn hàn, tó sì ń tẹ èsì wọn jáde. Iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, tí wọ́n máa ń bára wọn jà lé lórí, ètò mi ń parí rẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ọ̀gá ilé-ìwé dìde níwájú àwọn òbí, ó gbé èsì kan sókè, ó ní, "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é o! Kò lè sí àṣìṣe kankan níbẹ̀." Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Orí mi wú.

Ṣé a ka èsì yẹn sókè kó tó jáde? Ta ló fẹ́ kà á? Mo ní èèyàn ló ń ṣàṣìṣe, ẹ̀rọ kì í ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kò le rárá. Orúkọ ni ètò mi fi ń dá ọmọ mọ̀. Mo máa tẹ orúkọ ọmọ, mo máa tẹ máàkì rẹ̀. Bí orúkọ yẹn bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ètò á gbà pé olùkọ́ fẹ́ tún máàkì ṣe ni, á pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni mo dá. Ìlú wo sì ni mo wà? Ẹ̀pẹ́, níbi tí agbo ilé kan ti lè ní ìbejì mẹ́ta, kí gbogbo wọn sì máa jẹ́ orúkọ bàbá àgbà kan náà. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Táíwò, ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo gbàgbé ilé. Bí ìwé òyìnbó yẹn ṣe wí ni mo ṣe é.

Táíwò Bákàrè méjì ló wà ní kíláàsì kẹta lọ́dún náà. Ọmọbìnrin ni àwọn méjèèjì, mọ̀lẹ́bí sì ni wọ́n. Bàbá ọ̀kan jẹ́ apẹja ní Èjìnrìn, ìpín A ló wà. Ìkejì ń gbé nínú ìlú Ẹ̀pẹ́, ìpín B ló wà. Lẹ́nu, Táíwò Èjìnrìn àti Táíwò Ẹ̀pẹ́ la ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n Táíwò Bákàrè làwọn méjèèjì nínú ìwé. Mo tẹ máàkì ìpín A, mo tẹ ti ìpín B tẹ̀ lé e. Ètò mi pa máàkì Táíwò Èjìnrìn rẹ́, ó fi ti Táíwò Ẹ̀pẹ́ sí àyè rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, máàkì kan náà ló wà lórí ìwé àwọn ọmọ méjèèjì. Olùkọ́ ìpín A tí ì bá rí i ti gba iṣẹ́ síbòmíràn lọ́sẹ̀ tí ìdánwò parí.

Èsì yẹn ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí Sáyẹ́ǹsì tàbí Áàtì. Táíwò Èjìnrìn bá ara rẹ̀ ní Áàtì. Níbẹ̀, wọn kì í kọ́ wọn ní Físíìsì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ní Físíìsì ò lè dé ìdí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì.

Èmi ò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, láti ìgbà tí wọ́n ti wọ kíláàsì tuntun, ọmọbìnrin kan máa ń wá dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà nígbà ìsinmi ráńpẹ́, kò sì ní sọ̀rọ̀. Mo ní kó wọlé. Mo kọ́ ọ díẹ̀, ó gbà á. Mo kọ́ ọ sí i, ó gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó sọ ọ́ tán. Ní sáà kejì, ó mú ètò kan wá tó dá kọ fúnra rẹ̀: tẹ ọjọ́ èyíkéyìí nínú oṣù, ẹ̀rọ á sọ bóyá ọjà Èjìnrìn bọ́ sí ọjọ́ náà. Mo dán an wò títí. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní, "Táíwò, ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò tó wà nínú eléyìí?"

"Èmi náà ni mo rò ó, mà."

"Kí lo wá ń ṣe ní Áàtì?"

"Mo féèlì Máàtì, mà. Méjìdínlógójì ni mo gbà."

"Ìwọ? Ṣé ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Mi ò gbà, mà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní kọ̀ǹpútà ò mọ̀ mí rí, kò lè máa bá mi ṣọ̀tá."

Ara mi bù máṣọ. Mo lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, mo ní kí Ìyá Ràfíù tó ń tọ́jú ibẹ̀ wá ìwé máàkì ìpín A jáde, kó sì máa kà á sókè fún mi. Mo gbé èsì tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí tábìlì, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ìyá Ràfíù kà á dé àárín. Ó ní, "Bákàrè Táíwò, Máàtì, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún." Ìka mi wà lórí méjìdínlógójì. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ṣe ló dà bíi pé Ọ̀gá Ṣónúgà dúró sẹ́yìn mi tó mú ìwé yíya méjèèjì dání.

Mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ náà lọ sí Sáyẹ́ǹsì, ká má sọ ìdí ẹ̀ fẹ́nì kankan. Orúkọ ilé-ìwé ńkọ́?"

Mo ní, "Sà, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tí a bá gbé e lọ láìsọ nǹkan, títí ayé ni bàbá ẹ̀ á fi rò pé ojú àánú la fi wò ó."

Ní Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Èjìnrìn. Bàbá Táíwò wà létí ọ̀sà, ó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó dìde.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà! Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kò sí? Ṣé ọmọ yìí tún ti ṣe nǹkan ni?"

"Ọmọ kò ṣe nǹkan kan, Bàbá Táíwò. Èmi ni mo ṣe é."

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó gbé àwọ̀n rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí ìwé yẹn dé? Mi ò mọ̀wé, mo ní kí wọ́n kà á fún mi. Mo kó gbogbo ìwé ẹ̀ sínú àpò, mo so ó rọ̀ sí àjà, mo ní kó lọ máa bá ìyá ẹ̀ yan ẹja. Ọmọ yẹn ń sunkún, ó ní, 'Bàbá, mo ṣe é dáadáa o.' Mo ní irọ́ ló ń pa. Ọ̀pẹ́lọpẹ́ ìyá ẹ̀ ló fi padà sílé-ìwé. Ẹ̀rọ yín ni mo gbà gbọ́, Àǹtí. Mi ò gba ọmọ tí mo bí gbọ́."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ níwájú àjèjì rí.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹni tó lè wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá sọ pé òun ló jẹ̀bi, mi ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, ẹ̀yin náà lẹ máa tún un ṣe. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí lọmọ náà ń sọ lójoojúmọ́. Ẹ rí i pé ó débẹ̀."

Mo ṣèlérí fún un níwájú Ọlọ́hun.

Táíwò bọ́ sí Sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n Físíìsì sáà kan àbọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀. Mo wá olùkọ́ kan fún un ní Bẹ́ńsìn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé. Èmi náà sì ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ mọ ohun tí mi ò mọ̀, tó jẹ́ kí n ṣe irú àṣìṣe yẹn. Mo pinnu pé mo máa lọ sí yunifásítì. Mo béèrè ohun tí mo lè kà, wọ́n ní Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n mú Físíìsì wá. Mi ò ní Físíìsì.

Bí èmi àti Táíwò ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nìyẹn. Mo ti lé lógójì ọdún, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń tọ́ mi sọ́nà. Àwọn ọmọ tó kù ń pè mí ní "Sísítà Ìyá". Tí mo bá ti gba òdo nínú iṣẹ́ àṣetiléwá mi, Táíwò á fa ìwé mi mọ́ra nínú mọ́tò, á ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká kà á sókè." Èmi ni mo sì kọ́ ọ ní kíkà sókè yẹn o! Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Mo yege, mo sì wọ yunifásítì, ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kàwé ní òpin ọ̀sẹ̀.

Níbẹ̀, mo rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ tó tú àṣìṣe mi fó kò wá láti ẹnu ẹni tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọkùnrin kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà pàápàá. Ó kọ nǹkan méjì sójú pátákó, ó ní, "Nǹkan méjì lè jọra láti òkè délẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ nǹkan kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀." Mo fi bíírò mi sílẹ̀. Ohun tí ètò mi kò ní nìyẹn. Láti sáà yẹn ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé wa ti ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè ní, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti padà láti Èjìnrìn, kò sí èsì tó ń jáde mọ́ láìjẹ́ pé olùkọ́ kà á sókè, kí èmi fi ìka tọ̀ ọ́.

Táíwò náà ṣe ìdánwò àṣewọlé tirẹ̀. Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà ló béèrè fún. Ìwé dé, wọ́n fún un ní Ìmọ̀ Ìṣirò. Ó fi ọjọ́ méjì sunkún. Àwọn olùkọ́ ní kó kọ̀ ọ́, kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ mú un wá sílé mi, ó gbé ẹja yíyan dání.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ rántí ohun tí ẹ sọ. Ohun tí ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti ṣe ọmọ yìí ní jàǹbá lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún ṣì í sọ, kò sí Èjìnrìn tí mo tún lè lọ kúnlẹ̀ sí.

Táíwò ní, "Mà, kò sí kọ̀ǹpútà nínú orúkọ ẹ̀."

Mo ní, "Táíwò, orúkọ ti ṣe èmi àti ìwọ léṣe rí. Ṣé orúkọ náà la tún fẹ́ gbà gbọ́?"

Mo wọ yàrá, mo mú ìwé tí yunifásítì to ẹ̀kọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí jáde. Mo ní kó máa ka ti Ìṣirò sókè, mo ń fi ìka tọ ti Kọ̀ǹpútà. Ọdún kìíní, ìka mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, ohun kan náà ni. Ọdún kejì, ó ju ìdajì lọ. Èyí tí kò sí nínú ti Ìṣirò, mo fàlà sí i nídìí, mo kà á: mẹ́sàn-án péré. Mo ní, "Mẹ́sàn-án yìí, yunifásítì á jẹ́ kó o mú díẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́ tìẹ. Ìyókù, wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọlidé, ká jọ kọ́ ọ. Gbà á." Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo èmi. Ó gbà á.

Ọdún mẹ́rin ló fi wá, kò pa ọlidé kankan jẹ. Ó jáde, ó rí iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní Èkó, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe Kọ̀ǹpútà ló kà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọmọ lè gba ti Kọ̀ǹpútà, ó lè gba ti Ìṣirò, ó lè gba ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ oníná. Ẹ má wo àkọlé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ ka ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nínú ilé. Kí ọmọ náà sì ní ọ̀gá kan tó lè ya iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì. Ìyẹn ò sí nínú dìgírì kankan.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe ìdágbére fún mi ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Táíwò wá láti Èkó, ó sì mú bàbá rẹ̀ dání. Irun Bàbá Táíwò ti funfun báláú. Ọmọ náà ti di olórí àwọn tó ń kọ ètò fún ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Bí ẹ̀rọ bá sọ èèyàn méjì di ọ̀kan níbẹ̀, oògùn ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún ẹni tí kò ní àrùn rẹ̀.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí itan mi. Ó ní, "Mà, gbogbo ètò tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bá kọ, kó tó jáde, orúkọ méjì kan ni mo kọ́kọ́ ń fi dán an wò. Èyí tá a parí lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ bá mi kà á sókè."

Ó fi ìka rẹ̀ sórí ojú ẹ̀rọ. Mo wọ awò mi. Omijé ò kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí i, àfìgbà tí mo nù ún.

Mo kà á. "Nọ́ńbà kìíní, Táíwò Bákàrè. Nọ́ńbà kejì, Táíwò Bákàrè."

Bàbá Táíwò, tí kò mọ̀wé, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó dẹ etí sílẹ̀, ló dáhùn.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Méjì ni wọ́n."